Ilé Tó Ń Rìn Kiri Ìbàdàn

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ẹ̀yin ará wa ní Kùmáásì ò jẹ́ kí n sinmi. Ẹ ó wá sí ìdí ààrò mi, ẹ ó ra búrẹ́dì tẹ́ ò fẹ́ jẹ, ẹ ó sì bi mí pé, "Ìyábọ̀, Ìbàdàn ńkọ́?" Mo máa ń ní dáadáa ni. Irọ́ ni mo ń pa. Kò dáa rárá. Mo wá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí.

Ẹ mọ ohun tó gbé mi lọ. Bàbá wa kú síbí láì padà délé. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù nínú ọmọ ìyá rẹ̀, Àwáwù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti darúgbó nínú ilé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà. Súlè àbúrò mi ti lọ kí i rí. Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni mi ò débẹ̀ rí, èmi tí wọ́n sọ ní Ìyábọ̀ torí pé ìyá àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà tí wọ́n bí mi. Wàsíù, ọmọ Àwáwù, ló wá pè wá pé ara ìyá òun ò yá mọ́. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń tẹnu mọ́ lójoojúmọ́: "Ẹ bá mi pe ìyá mi tó wà ní Gánà kó wá, kí n fojú kàn án kí n tó lọ." Èmi ni ìyá tó ń wí.

Mo ti ààrò pa, mo gbéra.

Máàpù méjì ló wà nínú fóònù mi. Súlè ló fi ọ̀kan sí i. Ó daunlóòdù gbogbo Ìbàdàn sínú fóònù náà kí n tó kúrò nílé, ó sì fi ìràwọ̀ kékeré kan sójú ibi tí ilé bàbá wa wà. Ó ní, "Àǹtí mi, èyí ò nílò dátà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà o, kò sí o, ó ń ṣiṣẹ́. Igi dógóńyárò ńlá kan wà lójúde. Tẹ́ ẹ bá ti dé ìdí ìràwọ̀ yìí, ẹ kàn wọlé, ẹ kí wọn." Èkejì ni èyí tí gbogbo ayé ń lò, tó ń jẹ dátà bí ààrò mi ṣe ń jẹ igi, tí obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn ló wù mí. Ó máa ń mọ̀ tí ọ̀nà bá dí. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń yí, ó ń mí. Ti Súlè kàn sùn síbẹ̀ gbalaja ni. Mo pè é ní òkú máàpù lójú ọmọ náà, ó sì dùn ún.

Ará Gánà

Òjò ló bá mi wọ Ìbàdàn, òjò tí kì í rọ̀ dáadáa tí kì í sì í dá. Gbogbo nǹkan rí dúdú lójú mi, bóyá nítorí àárẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé téèyàn bá ti fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n, ẹ bi í bóyá ó ti débẹ̀. Ara mi ò mọ nǹkan kan. Ìbàdì ló ń ro mí.

Àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ ìkíni, ìyẹn ni mi ò ní fi dù wọ́n. Wọ́n kí mi kú ìrìn, wọ́n kí mi kú òtútù, wọ́n kí mi kú òjò tó ń rọ̀ sí mi lára. Ẹni tó jókòó níwájú ilé rẹ̀ tí kò mọ̀ mí rí á kí mi bí ẹni pé ó ti ń retí mi. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn tán, ojú wọn á yí padà. "Ẹ̀n-ẹ́n, ará Gánà ni yín!"

Ní Kùmáásì níbí, Alátà ni wọ́n ń pè wá, bí ẹni pé àlejò ni wá. Ẹ mọ iye ìjà tí mo ti jà lọ́jà nítorí orúkọ yẹn. Mo ti rò ó pé bí mo bá dé Ìbàdàn, n óò sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ jáde, mo ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ ìyá kan létí títì. Ẹ̀kọ náà tútù, ó ń yọ̀ lẹ́nu, èmi sì ń wá kíkan kẹ́ńkè, ẹ̀kọ tiwa níbí, nínú rẹ̀, mi ò rí i. Mo ní kó fi mọ́ínmọ́ín kan sí i. Ó kígbe pe ẹni tó ń bá a tà: "Bá mi fún ará Gánà yẹn ní mọ́ínmọ́ín!" Gbogbo ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ ló gbójú sókè wò mí. Ẹ̀kọ náà ò lọ mọ́. Mo búra lọ́jọ́ náà pé ẹni tó bá tún bi mí níbi tí mo ti wá, n ò ní dá a lóhùn.

Ẹ fi ìbúra yẹn sọ́kàn, torí òun ló pa mí.

Ìdí ìràwọ̀

Awakọ̀ tí mo háyà, ará Ìṣẹ́yìn ni, bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tí kì í dákẹ́. Àlájà ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò dé Mẹ́kà rí. Síìmù Gánà mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bàbá yìí ló ń tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù tirẹ̀ fún mi. Ìyẹn ni pé inú ọkọ̀ rẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ń gbé. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ tí mo rìn síwájú díẹ̀, ó tán nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Wàsíù fi lokéṣàn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Àǹtí, ilé ni mo wà. Ẹ máa tẹ̀lé e bọ̀. Ẹ tètè o." Àmì roboto kan ni, fọ́tò ojú Wàsíù wà nínú rẹ̀. Èmi gbà pé ilé wa nìyẹn.

A dé Bẹ́yẹrúnkà, obìnrin inú máàpù ní ká yà, ọ̀nà sì fún pinpin, ọkọ̀ ò lè wọ̀ ọ́. Bàbá Ìṣẹ́yìn ní òun máa dúró. Mo fẹsẹ̀ rìn wọlé láàárín ilé sí ilé, ẹrẹ̀ ń gun bàtà mi. Kò pẹ́ tí máàpù ààyè fi dákẹ́, tí àmì Wàsíù sì di aláwọ̀ eérú. Mo bá ṣí ti Súlè. Funfun ló kún inú rẹ̀, kò sí orúkọ, kò sí ọ̀nà, ìràwọ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo láàárín gbogbo funfun yẹn. Mo wo fóònù, mo wo ilé, mo tún wo fóònù, títí mo fi dé ìdí ìràwọ̀ náà.

Kò sí igi dógóńyárò níbẹ̀. Ilé tí mo bá, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ iwájú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Àwọn obìnrin méjì wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀kan ti dàgbà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Èkejì jẹ́ ìyàwó kékeré, ó ń fún aṣọ.

"Sàlámù àléékùn."

"Wà àléékùn sàlámù. Ẹ kú òjò o."

Mi ò jókòó. Mo ní, "Ìyá àgbà kan ni mò ń wá. Àwáwù lorúkọ wọn."

Ìyàwó kékeré wo èkejì rẹ̀. "Àwáwù? Kò sí Àwáwù nílé yìí o, mà."

Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà ò gbọ́wọ́ kúrò lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà dúró. Ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Níbo lẹ ti wá?"

"Ọ̀nà jíjìn ni."

"Kí lẹ jẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wá?"

Ẹ wò ó, ó ti rẹ̀ mí, ẹrẹ̀ ti bà mí láṣọ jẹ́, orí mi sì ti ń gbóná pé ìbéèrè ará Gánà náà ló tún ń bọ̀ yìí. Mo ní, "Mo kàn ń wá wọn ni."

"A ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe yí padà, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń húkọ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn wọn, ikọ́ gbígbẹ kan báyìí. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ń bá tèmi lọ.

Ilé ń rìn

Mo padà sínú ọkọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, máàpù jí. Kí ni mo rí? Ọjà'ba ni ojú Wàsíù wà!

"Ṣé ẹ rí ohun tí mò ń sọ?" ni mo wí fún Bàbá Ìṣẹ́yìn. "Àbúrò mi ti fi ìràwọ̀ rẹ̀ sílé onílé. Òkú máàpù!"

Ó yọjú wò ó. "Ọjà'ba nilé yín. Obìnrin yìí ti kàwé, kì í ṣi ọ̀nà."

Ẹ máa ní kí ló dé tí mi ò pe Súlè. Kí n pè é kó máa fi mí ṣẹ̀sín? Wàsíù ni mo pè. Fóònù rẹ̀ dún dún dún, kò gbé e.

A forí lé Ọjà'ba. Ẹ̀yin tẹ́ ò débẹ̀ rí, mi ò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ fún yín. Ọkọ̀, ọ̀kadà, ọmọlanke, èèyàn tó ru ẹrù, gbogbo wọn ló fẹ́ gba ojú kan náà kọjá, inú òjò sì ni. Ẹnikẹ́ni ò bínú. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Wọ́n ń kí ara wọn láti ojú fèrèsé ọkọ̀ sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Mo tẹjú mọ́ fóònù. Ojú Wàsíù dúró sójú kan ní Ọjà'ba, kò mira, ó pẹ́ gan-an tó fi dúró síbẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní a dúpẹ́, ilé ti jókòó.

Ó ku díẹ̀ ká dé ló dìde. Ó ń gun òkè Màpó lọ.

Bàbá Ìṣẹ́yìn fọwọ́ bo ẹnu. "Àlájà, ilé yín mà ń rìn o!"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí òjò bá ń rọ̀. A gun Màpó tẹ̀lé e. Nígbà tá a máa fi dé òkè, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ. Obìnrin inú fóònù kàn ń ṣírò ọ̀nà tuntun fún wa, kò bínú, kò bi wá pé irú ilé wo lẹ̀ ń wá yìí. Àwọn bàbá kan tó jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí wa bá a ṣe ń kọjá, wọ́n tún rí wa bá a ṣe ń padà bọ̀, wọ́n sì kí wa lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Mo tún pe Wàsíù. Kò gbé e. Inú wá ń bí mi sí i. Mo ní irú ọmọ wo lèyí, tó pe èèyàn láti ìlú òkèèrè tí kò wá gbé fóònù? Mo ti ń to gbogbo ọ̀rọ̀ tí n óò sọ sí i lójú jọ.

Òjé

Òjé ló dúró sí. Bá a ṣe ya síbẹ̀, láàárín àwọn aláṣọ, obìnrin inú fóònù sọ ọ́ lédè òyìnbó rẹ̀ pé a ti dé. Ohùn rẹ̀ dùn bó ṣe máa ń dùn.

Mi ò rí ilé kankan. Ọkùnrin kan ni mo rí níwájú ìsọ̀ aláṣọ, ó dúró ti ọ̀kadà rẹ̀, òjò ń pa á, ó sì fi ọ̀rá wé nǹkan mọ́ àyà kí omi má kàn án. Ojú inú fọ́tò ni. Mo sọ̀ kalẹ̀.

"Wàsíù ni?"

Ó wò mí. "Àǹtí Ìyábọ̀?"

"Kí ló dé tó ò gbé fóònù? Láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ilé yín káàkiri! Bẹ́yẹrúnkà, Ọjà'ba, Màpó..."

Ó wo nǹkan tó wà láyà rẹ̀. Èmi náà wò ó. Aṣọ funfun ni, èyí tí wọn kì í rán.

"Ìnnà lílláhì," ni Bàbá Ìṣẹ́yìn wí lẹ́yìn mi.

Wàsíù ni èémí ìyá òun ṣàdédé yí padà láàárọ̀, òun bá sáré bọ́ síta lọ wá oògùn. Ó ní òun ò rántí pé lokéṣàn òun ṣì ń lọ sọ́dọ̀ mi. Ọjà'ba ni wọ́n ti pè é látilé pé kó má wulẹ̀ ra oògùn mọ́. Ó ní orí àga kan lòun jókòó sí níwájú ilé oògùn náà, òun ò lè dìde. Lẹ́yìn náà ló lọ sọ fún àlùfáà ní Màpó, ó yà sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan ní Bẹẹrẹ, ó wá wá ra àlà.

Ibi tí mo ti dúpẹ́ pé ilé jókòó nìyẹn.

Ó wá bi mí: "Ẹ̀yin lẹ wá sílé láàárọ̀? Wọ́n ní obìnrin kan wá, wọn ò mọ̀ ọ́n. Màámi ló ń sọ fún wọn pé ìyá òun ni."



Ẹyinjúẹgẹ́

A tẹ̀lé ọ̀kadà rẹ̀ padà. Kò sẹ́ni tó tan máàpù. Bẹ́yẹrúnkà ló já sí, ọ̀nà tóóró yẹn, ẹrẹ̀ yẹn, ilé búlọ́ọ̀kù yẹn. Àtẹ ẹ̀wà ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò tíì ṣà á tán.

Ìyá tó lé mi láàárọ̀ dìde nígbà tó rí mi pẹ̀lú Wàsíù. Ìyá Sàká ni wọ́n ń pè é, òun ni àgbà ìyàwó ilé. Wàsíù sọ ẹni tí mo jẹ́. Obìnrin yẹn ká ọwọ́ lérí, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ fún mi. Ó ti tó ìyá tó bí mi.

"Ẹ ò sì sọ," ló ń wí. "Ẹ ò sọ pé ọmọ ilé ni yín. Gbólóhùn kan péré! Háà, ọkọ mi, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí bàbá wa ò fi kọ́ wa. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ rẹ̀. Ọkọ ni gbogbo wọn jẹ́ sí i, ìbáà ṣe obìnrin. Ó máa fún wọn lórúkọ tirẹ̀ ni. Ẹyinjúẹgẹ́ ni àwọn ìyàwó ń pe Àwáwù láti ìgbà tó ti padà sílé bàbá rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ńláńlá. Ìyàwó kékeré ò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn rárá. Ìyá Sàká mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó ní bó ṣe rí àlejò tó ń pe orúkọ ọkọ òun gan-an ní gbangba bẹ́ẹ̀, tí kò jókòó, tí kò sọ ibi tó ti wá, tó ń wo ilé tó ń wo fóònù, ọkàn òun ò lọ síbòmíràn ju àwọn ará ìjọba tó ń wo ilé tí wọ́n fẹ́ wó lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe wá di fóònù mú níjọ́sí, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ara ògiri, wọ́n wó iwájú ilé, wọ́n gé dógóńyárò lulẹ̀. Látìgbà náà, wọn kì í júwe ẹnikẹ́ni fún ẹni tó bá di fóònù wá.

"Inú yàrá ló ti gbọ́ ohùn yín," ni Ìyá Sàká wí. "Ó ní, 'Ìyá mi ti dé. Ohùn ìyá mi nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé kó wọlé.' A rò pé ó ń ṣèrànrán ni. Nígbà tí kò dákẹ́, mo ní kí ìyàwó kékeré sáré wò yín. Ó sáré dé ojú títì."

Ìyàwó kékeré ń sunkún. "Ọkọ̀ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni, mà. Mo pè yín. Fèrèsé yín wà ní títì."

Torí òjò ni mo ṣe tì í.

Wọ́n mú mi wọlé. Wọ́n bi mí bóyá mo lè bá wọn wẹ̀ ẹ́, mo ní n óò ṣe é. Èmi ni mo ń bu omi. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ bò ó bó ṣe yẹ, à ń wẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, apá ọ̀tún ṣáájú. Ara rẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ láàárọ̀. Ojú bàbá wa ló wà lára rẹ̀, iwájú orí yẹn, àgbọ̀n yẹn. Kò sí ẹkún lẹ́nu mi. Mo kàn ń sọ fún un pé, "Mo ti dé o. Mo ti dé." Mo wí i títí Ìyá Sàká fi di ọwọ́ mi mú.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni wọ́n sin ín sójúde, níbi tí igi dógóńyárò wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n din àkàrà, torí àgbà ló lọ. Wọ́n kó o fún mi nínú abọ́, ó gbóná, ó rí roboto. Mo jẹ ẹ́ nítorí wọ́n ń wò mí. Mi ò lè sọ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí ní ará Gánà mọ́ látìgbà yẹn. Àwọn ìyàwó ilé ò sì pe orúkọ mi. Ìyá Ẹyinjúẹgẹ́ ni wọ́n ń pè mí títí mo fi gbéra.

Ilé

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ gbé máàpù tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti dé ojúde, ẹ fi fóònù sápò. Ẹ jókòó kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ sọ ọmọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Tí wọ́n bá pè yín ní ará Gánà, ẹ jẹ́ fún wọn, kò sóhun tó máa yọ lára yín.

Súlè, mo mọ̀ pé wàá ka ibí yìí. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, o bi mí bóyá ìràwọ̀ rẹ mú mi débẹ̀, mo jágbe mọ́ ọ pé kí o jẹ́ kí n sinmi. O tún bi mí bí ojú wọn ṣe rí, mo ní ojú bàbá wa ni. Ní ti ẹyinjú wọn, wọ́n ní ó tóbi, wọ́n ní ó dán, tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìwọ ló rí i. Ojú tó ti padé ni mo bá.

Ìràwọ̀ rẹ dára, àbúrò mi. Ẹnu ọ̀nà yàrá wọn gan-an lo fi í sí.